Tata, Ewé Akíntọ́lá àti Ilẹ̀ Ọ̀dàn Wa

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ irú ilẹ̀ tí ilé-ẹ̀kọ́ wa dúró lé, kí ó kọ́kọ́ wo orúkọ ìlú. Ọjà-Ọ̀dàn ni àwọn baba wa pè é, wọn kò pè é ní Ọjà-Igbó. Ọ̀dàn ni pápá tí koríko ti pọ̀ ju igi lọ, tí ènìyàn lè dúró sí ojú kan kí ó sì rí ẹni tí ń bọ̀ lókèèrè. Ṣùgbọ́n bí a bá rìn sí ìhà Ìláròó, a ó bá igbó pàdé. Bí a bá tún rìn síwájú, a ó tún bọ́ sí ọ̀dàn. Báyìí ni ilẹ̀ Yewa rí, igbó kan, ọ̀dàn kan, bí aṣọ òfì aláwọ̀ méjì.

Àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ ní àlàyé fún èyí. Igbó ńlá tí ó gba etí òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kọjá já ní agbedeméjì. Láti ẹ̀bá Accra ní ilẹ̀ Gánà títí dé ẹkùn tiwa níhìn-ín, ọ̀dàn ni ó sọ̀kalẹ̀ dé ìtòsí òkun. Àlàfo Dàhòmì ni wọ́n ń pe ibẹ̀, àwa sì wà ní etí rẹ̀ ní ìhà ìlà-oòrùn. Nígbà tí àwọn olùwádìí wa ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ adágún Sélé jáde, ní àfonífojì odò Ouémé ní gúúsù ilẹ̀ Benin, àwọn àmì ewéko àtijọ́ tí wọ́n rí nínú rẹ̀ fi hàn pé igbó ni ó wà níbẹ̀ nígbà kan, àti pé ní nǹkan bí 4,500 ọdún sẹ́yìn ni ọ̀dá mú kí koríko gba ipò igbó. Mo mẹ́nu kan èyí kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ilẹ̀ kò yí padà rí títí di ìgbà tiwa. Ó ti ń yí padà tipẹ́. Ohun tí ó ṣe àjèjì ní ayé wa ni bí ó ti yára tó, àti pé ọwọ́ ènìyàn ni ó ń yí i.

Ẹ̀kọ́ tí olóòtú ìwé ìròyìn yìí ní kí n kọ jẹ́ lórí àwọn ẹranko ilẹ̀ wa. N kò ní sọ̀rọ̀ nípa ẹfọ̀n tàbí àgbọ̀nrín. Àwọn ẹ̀dá tí kò ní eegun ẹ̀yìn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí: tata, ìgbín, ìsáwùrú, akàn, ikán àti irú wọn. Nínú gbogbo ẹranko tí Ọlọ́run dá, àwọn ni ó pọ̀ jù lọ fíìfíì. Bí ilẹ̀ tàbí omi bá yí padà, wọn kì í pẹ́ kí wọ́n tó fi hàn: àwọn kan á dín kù, àwọn kan á gbilẹ̀. Tata ni n ó fi ṣe olórí ọ̀rọ̀, nítorí òun ni ó gbilẹ̀, òun náà ni ó sì ń jẹ ẹ̀gẹ́ àwọn òbí yín.

Gbogbo yín ni ẹ mọ tata tí mo ń wí. Nígbà tí ó wà ní kékeré, dúdú ni, pẹ̀lú tótòtó funfun àti ìyeyè lára. Bí ó bá dàgbà tán, àwọ̀ ewé, ìyeyè, dúdú àti àwọ̀ ọsàn á dàpọ̀ sí i lára, bí ẹni pé ọmọdé ni ó fi ọ̀dà kùn ún. Kì í yára sá, kì í sì fò lọ títí. Òórùn rẹ̀ kò dára. Zonocerus variegatus ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé àwọn onímọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe pè é ní eṣú. Eṣú a máa ti aṣálẹ̀ fò wá, a jẹ oko, a sì tún fò lọ. Tata yìí jẹ́ ọmọ ilé. Nítòsí ibi tí wọ́n ti pa á ni yóò ti jẹun, níbẹ̀ náà ni yóò ti yé ẹyin, ibẹ̀ ni yóò kú sí.

Ní gúúsù Nàìjíríà, ìran méjì ni ó wà. Ọ̀kan ń pa nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀; ìyọnu rẹ̀ kò pọ̀. Ti ẹ̀ẹ̀rùn ni ó ń da àgbẹ̀ láàmú. Ẹyin rẹ̀ á pa ní oṣù kẹwàá sí ìkọkànlá, àwọn ọmọ á sì tú jáde láti inú ilẹ̀ bí èèrà, wọn á rọ̀ mọ́ ara wọn lórí ewéko. Wọn á bọ́ awọ ní ẹ̀ẹ̀márùn-ún tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́fà kí wọ́n tó dàgbà. Ní nǹkan bí oṣù kejì, wọ́n ti di àgbà. Ní oṣù kẹta sí ìkẹrin, wọ́n yé ẹyin, wọ́n sì kú. Ẹyin náà á wà nínú ilẹ̀ ní gbogbo ìgbà òjò, fún nǹkan bí oṣù mẹ́fà, títí ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn yóò fi súnmọ́.

Èyí mú mi rántí ìwé wòlíì Jóẹ́lì. Ní ẹsẹ kan ṣoṣo ní orí kìn-ín-ní, èdè Hébérù lo orúkọ mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún kòkòrò tí ó jẹ oko Júdà run. Àwọn ọ̀mọ̀wé ṣì ń jiyàn bóyá irú kòkòrò mẹ́rin ni, tàbí ìpele mẹ́rin nínú ìdàgbàsókè ẹyọ kan. N kò ní parí ìjà náà níhìn-ín. Ṣùgbọ́n ó dá mi lójú pé inú ọ̀fíìsì kọ́ ni irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ti ń wá. Àgbẹ̀ tí ó ti dúró ti oko rẹ̀ lójoojúmọ́, tí ó ń wo kòkòrò bí ó ti ń pa awọ dà, ni ó ń ní orúkọ mẹ́rin fún un.

Ọ̀rọ̀ tata àti ẹ̀gẹ́ jinlẹ̀ ju bí a ti rò lọ. Ewé ẹ̀gẹ́ ní ohun ìjà. Bí kòkòrò bá fi eyín kan ewé tútù, májèlé sáyánáìdì á jáde nínú rẹ̀, irú èyí tí àwọn ìyá wa ń fi rírẹ, fífún àti yíyan lé kúrò kí ẹ̀gẹ́ tó di láfún tàbí gàrí. Tata kan ṣoṣo tí ó bá tọ́ ewé tútù wò á yára fi í sílẹ̀. Ní ọdún 1977, àwọn onímọ̀ kòkòrò, tí àwọn kan nínú wọn wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, tẹ ìwádìí kan jáde lórí ohun tí ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn èyí. Bí tata bá pọ̀ lórí ẹ̀gẹ́ kan, tí èyí bù ú jẹ díẹ̀, tí ìyẹn bù ú jẹ díẹ̀, ewé á rọ. Ewé tí ó rọ kò ní agbára májèlé bíi ti tútù mọ́. Nígbà náà ni gbogbo wọn á jókòó tì í, wọn á jẹ ewé tán, wọn á sì bọ́ sí èèpo ara igi. Ohun tí ẹyọ kan kò lè jẹ, ọgọ́rùn-ún jẹ ẹ́ tán. Ìwé Òwe orí 30 ka eṣú mọ́ àwọn ẹ̀dá kéékèèké tí ó gbọ́n, nítorí pé wọ́n ń ṣọ̀kan láìní olórí. (Águrì ọmọ Jákè ni ó ni orí náà, kì í ṣe Sólómọ́nì, bí ọ̀pọ̀ oníwàásù tilẹ̀ ń gbé e fún un.) Ẹni tí ó bá rí tata lórí ẹ̀gẹ́ mọ ohun tí Águrì rí.

Báwo ni wọ́n ṣe wá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Tata kì í ṣe àlejò, Áfíríkà ni orírun rẹ̀. Àlejò tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ewé kan tí àwọn àgbẹ̀ ń pè ní Akíntọ́lá, tí àwọn mìíràn ń pè ní Awólọ́wọ̀, nítorí àwa Yorùbá kò lè ṣàì gbé ìṣèlú wọ oko. Chromolaena odorata ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó sì ti ṣẹ̀. Ohun tí àwọn onímọ̀ igbó kọ sílẹ̀ ni pé àárín irúgbìn igi mẹlínà, tí a kó wá láti Ceylon tí a ń pè ní Sri Lanka lónìí, ni èso rẹ̀ bá wọ Nàìjíríà ní ìparí àwọn ọdún 1930. Èso náà fúyẹ́, ó ní irun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lórí, afẹ́fẹ́ ẹ̀ẹ̀rùn sì ń gbé e kiri. Kò pẹ́ tí ó fi gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà àti gbogbo oko tí a fi sílẹ̀. N kò ní ṣàìsọ ire rẹ̀. Ta ni nínú yín tí àdá ti ṣá lẹ́sẹ̀ rí lóko, tí wọn kò fún omi ewé yìí sí ojú ọgbẹ́ rẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ lè dá?

Ṣùgbọ́n oore tí ewé náà ṣe fún tata ju èyí lọ. Ó ṣù, abẹ́ rẹ̀ tutù, ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ rọ̀, kò sì sí ibi tí ó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ fún yíyé ẹyin. Orí rẹ̀ ni àwọn ọmọ tata ń gùn lọ sùn lálẹ́. Èyí tí ó yà mí lẹ́nu jù ni ti òdòdó rẹ̀, tí ń yọ nígbà ọyẹ́. Tata kò ka ewé rẹ̀ sí oúnjẹ gidi, ṣùgbọ́n ó ń wá òdòdó rẹ̀ kiri. Ní àwọn ọdún 1990, àwọn onímọ̀ ará Jámánì fi hàn pé oró kíkorò kan ni tata ń wá nínú òdòdó náà. Á kó o pamọ́ sí ara rẹ̀, abo á sì fi í sínú ẹyin bí ìyá ti ń fi ogún sílẹ̀ fún ọmọ, kí ó lè dáàbò bo ẹyin lọ́wọ́ àwọn ọ̀tá rẹ̀ inú ilẹ̀.

Ẹ wá so ọ̀rọ̀ náà pọ̀. Ní ayé àwọn baba wa, a ó ro oko, a ó fi í sílẹ̀ fún ọdún púpọ̀, igi á sì padà hù níbẹ̀. Ní báyìí, a gé igi tán, a kò sì lè fi ilẹ̀ sílẹ̀ pẹ́ nítorí pé ènìyàn pọ̀, ilẹ̀ kò sì pọ̀ sí i. Ilẹ̀ tí a bá fi sílẹ̀ fún ọdún méjì péré, ewé Akíntọ́lá ni ó ń gbà á, ẹ̀gẹ́ sì wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an. Mo ti darí àdúrà lórí ọ̀rọ̀ kòkòrò oko rí nínú ìjọ, n ó sì tún darí rẹ̀ bí wọ́n bá pè mí. Síbẹ̀, àwa fúnra wa ni a tẹ́ ẹní tí tata jókòó lé.

Ìgbín kò rí irú ẹní bẹ́ẹ̀. Òun fẹ́ ibòòji igi ńlá, ewé jíjẹrà àti ilẹ̀ tí kì í gbẹ. Ìgbín ńlá wa kì í yé ju ẹyin díẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan, kì í sábà tó 20, ọmọ rẹ̀ sì ń pẹ́ kí ó tó dàgbà. Tata kan ń yé ẹyin bíi 50 sínú ìdì kan, ọmọ rẹ̀ á sì dàgbà kí ẹ̀ẹ̀rùn tó parí. Bí iná bá jó igbó, tata àgbà á fò kúrò, ẹyin rẹ̀ sì wà lábẹ́ ilẹ̀. Ìgbín kò lè sá. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ìyá àgbà yín iye ìgbín tí wọ́n ń ṣà nínú òwúrọ̀ kan lẹ́yìn òjò nígbà tí wọ́n jẹ́ ọmọge, kí ẹ sì fi wé iye tí ẹ̀yin ń rí.

Ní àkókò tiwa, ní àwọn ọdún 1970, tata pọ̀ gidigidi ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Ní oko ilé-ẹ̀kọ́, agolo ni wọ́n ń fi rán wa. Òwúrọ̀ kùtùkùtù ni à ń lọ, nígbà tí ọyẹ́ ti mú kí ara tata le, tí gbogbo wọn ṣì rọ̀ mọ́ orí ewé. Ẹni tí ó bá dúró di ìgbà tí oòrùn yọ kò ní rí agolo rẹ̀ kún. Iṣẹ́ náà kò dùn, òórùn rẹ̀ kì í sì í kúrò lọ́wọ́ bọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò pa ohun mìíràn lára.

Oògùn apakòkòrò tí ó gba ipò agolo kò rí bẹ́ẹ̀. Gamalín ni gbogbo ènìyàn mọ̀ jù lọ. Fún kòkòrò oko ni wọ́n ṣe é, ṣùgbọ́n àwọn kan ń dà á sínú odò láti fi pa ẹja. Ẹja ńlá àti kékeré á léfòó, edé àti akàn á kú sí ìsàlẹ̀, àwọn kòkòrò omi tí ẹja ìyókù ì bá jẹ á kú pẹ̀lú. Ojú kan wà nínú odò tí ó jẹ́ pé, lẹ́yìn irú iṣẹ́ ọwọ́ bẹ́ẹ̀, kò sí ohun tí ń mì níbẹ̀ mọ́. Ní ọdún 2009, àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé fi linden, tí í ṣe agbára inú Gamalín, sínú àkójọ àwọn májèlé tí wọ́n fẹ́ mú kúrò láyé lábẹ́ Àdéhùn Stockholm. Òjò tí ń rọ̀ sí oko ń ṣàn lọ sí odò. Kò sí ẹni tí ó lè fọ́n májèlé sí oko ní etí odò Yewa kí ó sì sọ pé òun kò fọwọ́ kan odò.

Bí a bá yí omi padà, irú ọ̀rọ̀ tata náà ni a ó rí. Ní ọdún 1983, wọ́n ṣí dáàmù odò Ọyán ní ìhà àríwá Abẹ́òkúta, tí kò jìnnà sí Ayétòrò. A nílò omi, iṣẹ́ náà sì wúlò. Ṣùgbọ́n omi tí ń ṣàn tẹ́lẹ̀ di adágún, koríko omi hù ní etí rẹ̀, ìgbín omi kékeré kan tí a ń pè ní Bulinus, tí kò fẹ́ràn omi tí ń sáré, sì rí ibùgbé. Nínú ìgbín yìí ni aràn àtọ̀sí ajá ń gbé kí ó tó dé ara ènìyàn. Ọmọ tí ó ní àrùn náà á tọ̀ sínú omi, ẹyin aràn á pa níbẹ̀, ọmọ aràn á wọ inú ìgbín, á pọ̀ sí i níbẹ̀, á sì jáde, pàápàá ní ọ̀sán gangan tí àwọn ọmọdé ń lúwẹ̀ẹ́, á gba awọ ara wọlé. Ìwádìí tí a ṣe ní àwọn abúlé etí dáàmù náà fi hàn pé ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ń bá ìtọ̀ wọn jáde. Ìtọ́jú wà: oògùn oníhóró tí a ń pè ní praziquantel. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó lo oògùn tí ó sì padà sínú omi kan náà yóò tún kó o. (Ní ọdún 1971, oníṣègùn kan dá a lábàá pé irú àrùn yìí ni ó bá omi Jẹ́ríkò jẹ́ ní ayé Èlíṣà. Wọ́n ti rí karawun Bulinus níbẹ̀ ní tòótọ́, ṣùgbọ́n àbá ni, n kì í fi í wàásù.)

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé a kò lè borí irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ó ti pé ogójì ọdún ní Yewa rántí sòbìà, bí ó ti ń dá àgbẹ̀ dúbúlẹ̀ ní ìgbà tí iṣẹ́ oko le jù. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, ìkànìyàn fi hàn pé ó ju 650,000 ènìyàn lọ tí ó ní i ní Nàìjíríà láàárín ọdún kan. Aṣọ ìsẹ́mi, omi kànga tí ó mọ́, àti kíkìlọ̀ fún ẹni tí ó ní i kí ó má wọ inú odò, ni ó ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Ní ọdún 2008 ni a rí ẹni ìkẹyìn, ní ọdún 2013 sì ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Nàìjíríà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀gẹ́ náà ní irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Kòkòrò funfun kan, tí ara rẹ̀ dà bí ẹni pé a bu ìyẹ̀fun lé e, ti Gúúsù Amẹ́ríkà wá, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ẹ̀gẹ́ Áfíríkà run láti àwọn ọdún 1970. Àwọn onímọ̀ IITA lọ wá ọ̀tá rẹ̀ dé ilẹ̀ tí ó ti wá. Wọ́n rí agbọ́n kékeré kan ní Paraguay, tí kò tóbi ju orí abẹ́rẹ́ lọ, tí ń yé ẹyin sínú kòkòrò náà. Ní ọdún 1981 ni wọ́n kọ́kọ́ tú u sílẹ̀ ní Ìbàdàn, lẹ́yìn náà ní agbègbè Abẹ́òkúta tiwa yìí. Hans Herren, tí ó darí iṣẹ́ náà, gba Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé ní 1995. Fún tata àti eṣú, àwọn onímọ̀ kan náà lo ohun kan tí ó jẹ́ ìbátan èyí tí ń mú kí búrẹ́dì bu, Metarhizium ni orúkọ rẹ̀. Láti 1989 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, wọ́n sì dán an wò lórí tata ní ilẹ̀ Benin. Á hù wọ inú tata, á sì pa á láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, láìpa ẹja.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan wà tí ọkọ́ nìkan tó fún. Mo ti sọ pé oṣù kẹta sí ìkẹrin ni tata ń yé ẹyin. Wọn kì í yé e káàkiri. Akọ àti abo láti oko yíká á kóra jọ sí ojú kan lábẹ́ ibòòji, ẹ ó rí wọn tí wọ́n ṣù lórí ilẹ̀. Abo á ki ìdí bọ ilẹ̀, á yé ìdì ẹyin rẹ̀ sínú ìfófó tí yóò gbẹ bíi kànìnkànìn. Ojú kan tí kò ju ẹní méjì lọ lè ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìdì ẹyin, kò sì jìn nínú ilẹ̀ ju ìka ọwọ́ lọ. Kí a ri igi mọ́ ibẹ̀ láti fi sàmì sí i. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yé tán, kí a fi ọkọ́ yí ilẹ̀ náà padà kí oòrùn lè pa ẹyin. Ó gbọ́dọ̀ parí kí oṣù kẹwàá tó dé. Oko ẹnìkan kò tó. Gbogbo àwọn tí oko wọn bá ara wọn pààlà ni kí ó ṣe é, àwọn tí ó wà ní òdìkejì ààlà Benin pẹ̀lú, nítorí tata kì í dúró de aṣọ́bodè.

Mo ti bá àwọn olùkọ́ ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ sọ̀rọ̀ pé kí kíláàsì kan bẹ̀rẹ̀ èyí ní oko ilé-ẹ̀kọ́ ní oṣù kẹta tí ń bọ̀. Kí wọ́n kọ sínú ìwé: ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ rí tata tí ó kóra jọ, iye ojúkò tí wọ́n rí, igi tàbí ewé tí ó wà lórí rẹ̀, iye ìdì ẹyin tí wọ́n wú ní ojúkò kọ̀ọ̀kan. Ní oṣù kọkànlá, kí wọ́n ka iye ọmọ tata tí ó wà lórí ogún ẹ̀gẹ́ ní ìhà tí wọ́n wú, àti lórí ogún ní ìhà tí wọn kò fọwọ́ kàn. Ìwé náà yóò wà ní ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà, kíláàsì tí ó bá tẹ̀lé e yóò sì máa kọ tirẹ̀ sí i.